Silas Lóṣòó Nítorí Àga Pupa

Ọkùnrin kan wà ní Ìloro ní Iléṣà tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀, àìjà yìí náà ló sì fi jẹun. Silas Ọ̀nàọlápọ̀ lorúkọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òjò rọ̀ lánàá, Silas á ní òótọ́ ni, òun rí i pé ilẹ̀ tutù. Bí ẹlòmíràn bá ní òjò kọ́, ìrì ni, Silas á ní òun náà ti ń rò ó pé omi ọ̀hún kò tó ti òjò. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ sọ ọ́ ní Tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ náà gba orúkọ ọ̀hún lẹ́nu wọn. Nígbà tó ń díje fún ipò, òun ni wọ́n kọ gàdàgbà sára pátákó, ó sì wọlé.

Kí a tó dé ibi ipò, ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀. Elisha, bàbá Silas, jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì jẹ́ òṣómàáló. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nítorí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn, a ó ṣàlàyé. Òṣómàáló a máa ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú. Bí àkókò bá tó, tí oníbàárà bá ń ṣe bí ẹni pé ìhòòhò ni wọ́n bí òun, ìhòòhò náà lòun ṣì wà, òṣómàáló á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò ní jókòó, kò ní fẹ̀yìn ti ògiri, kò ní bú u, kò ní fọwọ́ kàn án. Á kàn lóṣòó síbẹ̀ ni. Bí onílé bá ń jáde, á kí i. Bó bá ń wọlé, á tún kí i. Kò ní pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wo onílé láti òkè délẹ̀. Òṣómàáló kì í dìde àfi bí ọ̀rọ̀ bá parí. Bó bá fi dìde ṣáájú, ó ti pàdánù nìyẹn, kò gbọdọ̀ padà wá.

Elisha mọ òṣòó í ló débi pé ọkùnrin kan nílẹ̀ Ìgbómìnà gba ojú fèrèsé sá fún un. Ó kó lọ sí ìlú mìíràn, ó kọ́lé tuntun, ó gbé ilẹ̀kùn tuntun sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún, Elisha ló bá níwájú rẹ̀, ó ti lóṣòó, ó ní, "Ẹ kú ilé tuntun o. Ẹ̀mí á lò ó." Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ilẹ̀ Ìgbómìnà kò jìnnà.

Silas kò ta aṣọ. Iléèwé girama ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, odò ló sì fẹ́ràn jù láti máa kọ́ wọn, nítorí odò kì í bá òkúta jà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Bó ṣe dé inú òṣèlú kò le. Àwọn méjì ló ń du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Fìtílà láti lọ sílé aṣòfin ní Òṣogbo. Wọ́n pe ìpàdé, ìpàdé di ìjà, àga fò, tábìlì fò, alága wọ́ọ̀dù náà fò díẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n wo yàrá yíká, wọ́n rí i pé Silas nìkan ni ẹ̀jẹ̀ kò sí lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ. Kò ní òun fẹ́, kò ní òun kò fẹ́. Ó ní òun gbọ́.

Ní Òṣogbo, kò sí ẹni tó mọ ohun tí Silas wúlò fún títí di ọdún tí Alhaji Awwal bínú. Alhaji Awwal yìí náà jẹ́ aṣòfin, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Wọ́n ti ní àwọn á fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ kan, wọ́n wá fi ẹlòmíràn ṣe é. Ó ní òun kò jókòó nílé aṣòfin mọ́, ó sì ku ẹyọ ìbò kan péré kí ètò ìṣúná ọdún náà di òfin. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n bú u, ó bú wọn padà, tirẹ̀ sì dùn ju tiwọn lọ. Wọ́n wá ní kí Silas lọ wò ó.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí Silas dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ká agbádá rẹ̀ sórí eékún, ó sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà Alhaji. Raliat, ìyàwó Alhaji, ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Onórébù! Ṣé kò sí?"

"Kò sí o, Alhaja. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Ẹ ṣeun. Ibí dára."

"Alhaji ni kí n jí fún yín?"

"Ẹ má jí wọn o. Mo kàn wà níbí ni."

Raliat gbálẹ̀ yí i ká. Ọjọ́ kejì, ó tún gbálẹ̀ yí i ká. Àwọn tó ń lọ kírun ń kí Alhaji kú àlejò. Àwọn ọmọ iléèwé kéwú dúró wò ó débi pé wọ́n pẹ́ dé iléèwé. Wọ́n ní ẹyẹ kan bà lé orí Silas tí kò mọ̀ pé ènìyàn ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó koríko jọ. Nígbà tó yá, Raliat wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀.

"Alhaji, ẹ dìde."

"Kí ló dé?"

"Ẹ lọ dìbò fún wọn. Ibi tí ọkùnrin yìí wà yẹn ń dọ̀tí, mo fẹ́ gbálẹ̀."

Báyìí ni ìpínlẹ̀ ṣe rí ètò ìṣúná gbà lọ́dún yẹn. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ ọ́ pé ìfikùnlukùn ló ṣe é. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìgbálẹ̀.

Láti ìgbà náà ni òkìkí Silas ti kàn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa lọ sílé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ó dé ọ̀hún, wọ́n fún un ní àga aláwọ̀ ewé tí gbogbo àwọn aṣojú-ṣòfin ń jókòó sí, ó sì jókòó. Ìgbà kan ṣoṣo ló gbìyànjú iṣẹ́ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀nà oko kan ṣe lápá Ikeji-Arakeji, ó sì lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ ìjọba. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé inú ló ń run ún, wọ́n fi ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà hàn án. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ nu ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó nu ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ní kó jọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ọ̀gá ọ̀hún fúnra rẹ̀ fò ó kọjá bí ẹni fo gọ́tà, fóònù wà létí rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé Silas pé òṣòó kì í jẹ́ níbi tí aládùúgbò kò bá sí.

Àbújá yìí náà ni nǹkan ti ṣe Silas. Lọ́jọ́ kan, ó jẹ́ iṣẹ́ kan dé ilé aṣòfin àgbà, níbi tí àwọn sẹ́nétọ̀ ń jókòó. Wọn kò tíì dé. Àga pupa ló kún ibẹ̀, wọ́n tò bí ẹ̀gbà ọrùn. Silas wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jókòó sí ọ̀kan. Àga ọ̀hún mí, ó sì gbé e mì díẹ̀díẹ̀ títí dé àyà. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ kò fi ìdí kan àga nígbà iṣẹ́ rí, tí òun náà ti fi eékún ṣe òṣèlú láti Iléṣà dé Òṣogbo, ẹ wá wò ó nínú àga pupa. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó padà dé orí àga aláwọ̀ ewé tirẹ̀, ó dà bíi pé orí àpótí ló jókòó lé.

Ó sọ fún Julianah, ìyàwó rẹ̀, nígbà tó délé. Julianah ti fi ipò mátíròn fẹ̀yìn tì ní ọsibítù, kì í sì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀.

"Mátíròn, nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ láyé yìí. Mo fẹ́ jẹ́ sẹ́nétọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, Bàbá Akínkúnmi?"

"Mo fẹ́ jókòó."

"Ẹ ò rí ibi jókòó sí nínú pálọ̀ yìí?"

"Àga tiwọn rọ̀ ju èyí lọ. Ó tún pupa."

"Tìmùtìmù lẹ nílò," ni Julianah wí, ó sì lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ Silas lára. Nígbà tí ìdìbò sún mọ́lé, gbogbo ẹgbẹ́ Fìtílà gbà pé ẹni tí Olóyè Ìbítóyè bá dárúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé aṣòfin àgbà. Olóyè Ìbítóyè ni olórí ẹgbẹ́ níbẹ̀, Òkèsà ni ilé rẹ̀ wà, òun àti Silas sì jọ lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ọjọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ tó ṣú, ni àwọn aṣojú ẹgbẹ́ máa ti Òṣogbo wá gba orúkọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ní Silas ni Olóyè máa pè. Àwọn kan ní Mọpẹ́olúwa ni, ọmọbìnrin Olóyè, tó ń ta oògùn ní Èkó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ sílé bàbá rẹ̀. Olóyè kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún, Silas wọ ṣòkòtò tí kò ní fún un ní itan. Julianah wò ó.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń di ara ògiri mú kẹ́ ẹ tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ lọ lóṣòó?"

"Ara mi á rántí."

"Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn," ni Julianah wí. Ó fi ròbù pa eékún rẹ̀ méjèèjì, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí Olóyè Ìbítóyè jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, Silas ló bá níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó jẹ pákò ọ̀hún títí, ó tu ìtọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Silas."

"Olóyè. Ẹ kú àárọ̀, sà."

"Ẹnu ọ̀nà tèmi lo wá lóṣòó sí?"

"Ẹnu ọ̀nà yín ni."

"Kí niṣẹ́ bàbá mi?"

Silas ti mọ̀ ọ́n, gbogbo Iléṣà ló mọ̀ ọ́n, ó kàn jẹ́ pé àga pupa kò jẹ́ kó rántí ni. "Òṣómàáló ni wọ́n."

"Ó dáa bó o ṣe mọ̀," ni Olóyè wí. Ó wọlé lọ, ó bọ́ agbádá, ó jáde pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò nìkan, ó sì lóṣòó síwájú Silas, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe òṣómàáló nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sí ẹni tó rántí ìgbà tí onílé bá àlejò lóṣòó rí. Àwọn àgbà àdúgbò pé jọ, wọ́n jíròrò. Wọ́n ní òfin kì í yí: ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ló pàdánù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí ọ̀kan yóò fi dìde. Wọ́n wá gbé àga ti ara wọn jáde, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò wọ́n.

Mọpẹ́olúwa sáré jáde. "Dádì! Orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Wọlé lọ, Sẹ́nétọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. Silas gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì yí padà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yí.

Oòrùn là. Ẹnì kan fi agboòrùn bo Silas, ẹlòmíràn fi bo Olóyè, àwọn tó di agboòrùn mú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí ìbòòji.

"Ìdí ẹ ti fẹ́ kanlẹ̀, Silas."

"Aṣọ ni, Olóyè. Ìdí wà lókè."

"Nílé ìwé, o kì í lè kúnlẹ̀ kí wọ́n fi ka ogún."

"Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀. Èmi kì í ṣẹ̀."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ kan tó ń kọjá gbọ́ ariwo, ó yà, ó ní ẹ̀mí àìrẹ́pọ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa dìde fún àdúrà." Gbogbo wọn dìde, àfi àwọn méjì tí àdúrà wà fún. Pásítọ̀ dúró dè wọ́n títí. Nígbà tó rí i pé wọn kò mira, ó gba àdúrà kúkúrú, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Fúnmilọ́lá, ìyàwó Olóyè, gún iyán ní ọ̀sán, ó gbé e sí àárín wọn. Òórùn ẹ̀fọ́ gba gbogbo Òkèsà. Kò sí èyí tó lè nawọ́, nítorí ẹni tó bá nawọ́ á ṣubú. Wọ́n ń wo iyán, iyán ń wò wọ́n, títí ojú iyán fi gbẹ. Ẹni tó sọ ìtàn yìí ní iyán ọ̀hún ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mọ́tò àwọn aṣojú ẹgbẹ́ dé láti Òṣogbo. Alhaji Awwal, tó ti di alága ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ báyìí, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó wò wọ́n, ó sì di ikùn mú, ẹ̀rín ń pa á.

"Ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi náà rí o, Olóyè! Ìyàwó mi ló gbà mí. Ó yá, ẹ dárúkọ fún wa, ilẹ̀ ń ṣú."

"Ẹ fún wa láàyè díẹ̀," ni Olóyè wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí iyán. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, èyí tí wọ́n ti là, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé kókò. Ó fi ẹnu sún mọ́ Silas, ohun tó sọ kò sì ta sétí ẹlòmíràn.

"Silas, orúnkún mi ti kú. Bí mo tiẹ̀ fẹ́ dìde, n ò lè dìde mọ́. Bí mo bá ṣubú síbí, ó máa ṣẹ́."

Silas wò ó. Orúnkún tirẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láyé. Ó kàn máa dúró díẹ̀ sí i ni, Olóyè á ṣubú, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ó rí àga pupa ọ̀hún kedere bí ẹni pé wọ́n gbé e síbi tí iyán wà. Ó dúró díẹ̀. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó dúró ju díẹ̀ lọ.

"Bí mo bá dìde," ló wí, "ṣé orúkọ mi lo máa pè?" Láti ìgbà tí Ìbítóyè ti joyè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Silas máa pè é ní ìwọ.

"Rárá. Ọmọ mi ni màá pè."

"O ò kúkú lè purọ́ fún mi?"

"Ẹnu ọ̀nà mi nìyí, Silas. N kì í purọ́ níbẹ̀."

Silas mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ itan rẹ̀, egungun rẹ̀ dún tí wọ́n gbọ́ ọ dé Ẹrẹ́jà, ó sì dìde. Ariwo ta. Àwọn kan ní, "Ó ti dìde!" Àwọn kan ní, "Tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, kí lo ṣe yẹn?" Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti apá sábẹ́ abíyá Olóyè, ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbé ìkòkò omi, títí Olóyè fi dúró, tó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Alhaji Awwal ní, "Ta ni, Olóyè?"

Láti ọrùn Silas ni Olóyè ti dáhùn. "Mọpẹ́olúwa Ìbítóyè."

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, àfi Silas, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di Olóyè mú.

Julianah ti gbọ́ kí mọ́tò tó gbé e délé. Kò bi í ní ẹni tí wọ́n pè. Ó gbé omi gbígbóná wá, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ti aṣọ bọ omi, ó fún un, ó sì fi lé eékún rẹ̀.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Eékún."

"Ó dùn mí."

Julianah tún ti aṣọ bọ omi. "Èyí tó kù ńkọ́?"

"Òun náà dùn mí, Mátíròn. Ó dùn mí gan-an."